Ṣé o mọ̀? Máòsì tó dákẹ́ lè má tíì kú

Ṣé o mọ̀ pé máòsì tó kọ̀ tí kò rìn lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè má bàjẹ́ rárá? Gbé e sára kọ̀ǹpútà mìíràn ná kí o tó sọ ọ́ sí ààtàn. Bó bá rìn níbẹ̀, a jẹ́ pé ìjà ló ń jà nílé.

Ṣé o mọ ohun tó fa ìjà náà? Agogo ni. Máòsì, kíbọọ̀dù, káàdì tó ń gbé ohùn jáde, kálukú wọn ní agogo tó máa ń lù kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè dá a lóhùn. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá agogo kọ̀ọ̀kan mọ̀. IRQ ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń pè é. Kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní 1981 ní 8 péré. Ní 1984, èyí tí wọ́n pè ní AT sọ ọ́ di 16, síbẹ̀ kò tó pín, nítorí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé agogo kan náà, nọ́ńbà 4, ni COM1 àti COM3, ihò tí wọ́n ń so máòsì tàbí modẹ́mù mọ́, jọ ń lò? COM2 àti COM4 náà ń pín nọ́ńbà 3. Ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí i bó ṣe ń rí. Wọ́n ti ra máòsì mẹ́ta. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, ayé ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí o." Máòsì wà ní COM1, modẹ́mù sì wà nínú àpótí, ní COM3. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí modẹ́mù fi bẹ̀rẹ̀ sí í han lórí wáyà tẹlifóònù. Ojú ẹsẹ̀ ni ọfà tó wà lójú ẹ̀rọ dúró gbagidi. Ìyàwó méjì, agogo kan: bó bá dún, ta ló ń pè? A tú àpótí, a yọ ike dúdú kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ lára modẹ́mù, a tì í bọ ibi tí wọ́n kọ COM4 sí. Ìjà parí. Máòsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣiṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé 1987 ni IBM gbé ihò róbótó tí wọ́n ń pè ní PS/2 dé? Agogo nọ́ńbà 12 ni máòsì inú rẹ̀ ń lò. Àwọ̀ ewé ni ti máòsì, elésè àlùkò ni ti kíbọọ̀dù, ihò méjèèjì sì jọra bí ìbejì, nítorí náà wo àwọ̀ dáadáa. Má sì kì í bọ ibẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́ pa á.

Ṣé o mọ̀ pé Windows 95 ló ṣèlérí pé òun á máa pín agogo fúnra òun? So ó mọ́ ọn, á ṣiṣẹ́, ni wọ́n wí. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe yí i padà: so ó mọ́ ọn, kí o wá gbàdúrà.

Ṣé o mọ̀ pé máòsì tí kò sí níbẹ̀ pàápàá lè dá wàhálà sílẹ̀? Bí Windows NT bá ń tan, ó máa ń fi àmì ránṣẹ́ sí ihò COM láti wá máòsì. UPS, àpótí tó ń gbé iná dúró bí iná bá lọ, tí wáyà rẹ̀ bá wà níbẹ̀ lè rò pé wọ́n ní kí òun kú ni. Nílùú tí a kò tíì bá NEPA jà tán! Òdìkejì náà wà: so GPS mọ́ ihò COM, Windows lè pè é ní máòsì, kí ọfà máa fò káàkiri bíi tata.

Ṣé o mọ̀ pé o lè rìn láìní máòsì? Tẹ Alt àti Shift apá òsì pẹ̀lú Num Lock, nọ́ńbà apá ọ̀tún kíbọọ̀dù á máa gbé ọfà rìn, 5 á sì máa tẹ̀ ẹ́. Fi í wọ inú Device Manager, ibi tí Windows to àwọn ohun èlò kọ̀ǹpútà sí, kí o wo ẹni tí àmì ìyanu wà lórí rẹ̀ nínú àwọ̀ yẹ́lò. Òun ni kí o bi léèrè.

Ṣé o mọ̀ pé ìjà náà kò tíì tán? Intel kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2012 pé ariwo USB 3.0 ń dí ohun tó ń lo 2.4 GHz lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ máòsì aláìníwáyà ti ń sọ̀rọ̀. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ní Under G, bí máòsì rẹ bá ń tàsé nígbà tí o bá ń da fíìmù sínú dísìkì USB 3.0, gbé ike kékeré tó ń bá máòsì sọ̀rọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láptọ́ọ̀pù.

Ṣé o mọ̀ pé JAMB náà ti yẹra fún máòsì? Bọ́tìnnì 8 tó ọmọ tó ń ṣèdánwò: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S láti parí, R bó bá yí ọkàn padà.