Bí A Ti Í Di Ẹrù Sórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Òkè pọ̀ láti Adó-Èkìtì dé Ìkẹ́rẹ́. Bí o bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ológeere kó ẹrù níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ mọ ẹrù dì. Gbé èyí tó wúwo jù sún mọ́ ìjókòó, kí iwájú kẹ̀kẹ́ má baà fò sókè bí o ti ń gun òkè. Bí kẹ́ẹ̀gì ẹmu méjì ni, jẹ́ kí tọ̀tún tòsì wúwo bákan náà. Tíúbù ògbólógbòó tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ a máa fún ẹrù mọ́ra ju okùn lọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí etí rẹ̀ wọ sípóòkù.

Nínú sísọ̀kalẹ̀ ni ewu wà: ẹrù a máa ti kẹ̀kẹ́ síwájú, bíréèkì kì í sì í tètè mú un. Bí òkè bá ga jù, bọ́ sílẹ̀, kí o rọra fà á lọ́wọ́.