Àjẹ́ Tó Yí Padà: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìdíje Àlọ́ Kíkọ



Ta ni nínú wa tí kò jókòó ti ìyá àgbà rí lálẹ́, tí ìyá àgbà wí pé "Àlọ́ o!", tí gbogbo ilé sì dáhùn pé "Àlọ̀!"? Ìyá àgbà a pa àlọ́, àwa a máa wá ìdáhùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ a dùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ fún òun. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti jókòó rí láti ṣẹ̀dá àlọ́ tuntun? Èyí tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ni a ń pa, tí a tún ń pa.

Lónìí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ àlọ́ kíkọ di ìdíje. N ó sì sọ àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe nígbà tí mo gbìyànjú irú rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa, nítorí pé inú àṣìṣe náà ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó DÁBÙÚ ARA WỌN

Àwọn tó lọ sí ilé ìwé Faransé nínú wa mọ mots croisés dáadáa. Àpótí kéékèèké ni, funfun àti dúdú. A ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí funfun, ọ̀rọ̀ kan dùbúlẹ̀, òmíràn dúró, wọ́n sì dábùú ara wọn. Arthur Wynne, tí a bí ní Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó tẹ èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Nígbà náà, ìbéèrè inú rẹ̀ kò le. Bí ẹni béèrè "ẹran ilé tí ń gbó", kí ẹ kọ "ajá". Ó parí.

Nígbà tí eré náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ìbéèrè rẹ̀ di àlọ́ gidi. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú ni Edward Powys Mathers, ẹni tó ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn The Observer ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1926 títí ó fi kú ní 1939. Kò lo orúkọ ara rẹ̀. Torquemada ni ó ń pe ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn Ìjọ yóò rántí pé Torquemada ni olórí àkọ́kọ́ fún ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Inquisition nílẹ̀ Spéìn. Ẹ̀fẹ̀ ni ọkùnrin náà fi ṣe: bí ẹni pé òun náà ń fi ìyà jẹ àwọn tó ń wá ìdáhùn.

Ní 1939, Derrick Somerset Macnutt, olùkọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì, gba iṣẹ́ náà, ó sì ṣe é títí di 1971. Òun mú orúkọ Ximenes, Kádínà ilẹ̀ Spéìn tí òun náà jókòó sórí àga ìdájọ́ kan náà. Ní 1972, Jonathan Crowther bọ́ sí ipò náà, ó ní orúkọ òun ni Azed. Kí ni Azed? Ẹ kà á láti ọ̀tún sí òsì, ẹ ó rí Deza. Diego de Deza ni ó jẹ oyè náà ní Spéìn láàárín Torquemada àti Ximenes. Ẹ rọra di ọgbọ́n kíkà láti ẹ̀yìn yìí mú, a ó tún bá a pàdé.

Ọ̀NÀ MÉJÌ SÍ ÌDÁHÙN KAN

Àlọ́ wọn ní apá méjì. Apá kan sọ ohun tí ìdáhùn náà jẹ́. Apá kejì sọ ibi tí a ti lè rí àwọn lẹ́tà rẹ̀: bóyá wọ́n fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn, bóyá a ó ka ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn, bóyá a ó so ọ̀rọ̀ kékeré méjì pọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ a wá lẹ apá méjèèjì mọ́ ara wọn, wọn a dà bí gbólóhùn kan ṣoṣo tó ń sọ ìtàn mìíràn pátápátá. Bí ẹ bá ti rí ibi tí apá kìíní parí sí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi èdè tiwa dán an wò. Ọ̀rọ̀ wa ni ẸJA. A kò ní ka àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé kì í ti í ka àmì orí lẹ́tà nínú mots croisés wọn. Ṣùgbọ́n a ó ka àmì ìsàlẹ̀, nítorí pé "e" àti "ẹ" kì í ṣe lẹ́tà kan náà.

Bí mo bá wí pé "Ó ń gbé inú omi", kò tíì tó. Ọ̀nì ń gbé inú omi, akàn náà ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí:

"Ẹni tó jẹ́ jàǹdùkú gbé e pamọ́: inú odò ni ilé rẹ̀ wà."

Ẹ wo "jẹ́ jàǹdùkú" dáadáa. Ẹ fi j àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e: ẹ, j, a. Ẹja wà níbẹ̀! Àlọ́ náà ti sọ fún wa pé jàǹdùkú ni ó gbé e pamọ́. Kò purọ́ fún wa. Àwa ni a ń wá olè kiri ìlú.

Kókó ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, A. F. Ritchie, ọ̀gá ilé ìwé Kàtídírà ìlú Wells, tí ń fi orúkọ Afrit kọ tirẹ̀, fi òfin lélẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1949. Ó ní kò di dandan kí ohun tó hàn lójú ọ̀rọ̀ wa jẹ́ ohun tí a ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tí a ní lọ́kàn gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wa. A lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́. A kò gbọdọ̀ parọ́. Ximenes náà kọ ìwé lórí ọgbọ́n yìí ní 1966. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni pé kí àlọ́ ní ìtumọ̀ tó péye àti ọ̀nà òdodo sí àwọn lẹ́tà, kí ó má sì sí ohun kẹta níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, kí a yọ ọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE ÌDÍJE NÁÀ

Láyé Ximenes, àti lẹ́yìn rẹ̀ láyé Azed, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Azed, fún àpẹẹrẹ, a máa fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìpa àlọ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìtumọ̀ lásán ni yóò fún un. Ẹni tó bá parí gbogbo àpótí náà yóò kọ àlọ́ tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, yóò sì fi ránṣẹ́. Adájọ́ yóò ka gbogbo rẹ̀, yóò mú mẹ́ta tó dára jù fún ẹ̀bùn, yóò sì dárúkọ àwọn mìíràn tó yẹ kí a yìn. Ife kan wà tí ẹni tó borí ń gbé lọ sílé, tí ó sì ń gbé e fún ẹni tó bá borí tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ife kọ́ ni ó mú ìdíje náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwé pélébé kan ni. Adájọ́ a máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, a tò àwọn àlọ́ tó dára síbẹ̀, a sì sọ ìdí tí eléyìí fi borí àti ibi tí àwọn mìíràn ti kọsẹ̀. Ẹni tó pàdánù a ka ìdí, a kọ́gbọ́n, a sì padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí a bá lé padà láìsọ ìdí fún, kì í sábà padà.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà tí kò ní adájọ́ kan pàtó. Ọ̀rọ̀ kan ni wọn ó yàn, oníkálùkù a kọ tirẹ̀, wọn a kà á papọ̀, wọn a bá ara wọn tún un ṣe, wọn a sì dìbò. Ẹni tó bá borí ni yóò yan ọ̀rọ̀ tó kàn. Báyìí ni àga adájọ́ ṣe ń yípo láàárín wọn. Ẹni tí a ṣe ìdájọ́ fún lónìí ni yóò ṣe ìdájọ́ lọ́la.

ÀṢÌṢE TÈMI

Ní àkókò òjò kan, mo kó àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní katikísìmù jọ, mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn, títí kan ìtàn Azed àti Deza. Mo fún wọn ní ọ̀rọ̀ náà, ẸJA, àti ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo gba ìwé wọn, tí orúkọ oníkálùkù wà lórí rẹ̀, mo sì ń kà á sókè, mo ń ṣe ìdájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ni ó mú jàǹdùkú wá.

Ó kan ìwé ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ohun tó kọ ni pé:

"Àjẹ́ tó yí padà: inú omi ni ìyè rẹ̀ wà."

Ojú mi le. Mo ní: "Kí ni àjẹ́ ń wá láàárín wa? Àlọ́ ẹja ni mo ní kí ẹ kọ. N kò ní kí ẹ pe àjẹ́ wọ ọgbà ìjọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wí pé, "Ẹ má bínú, bàbá," ó sì jókòó. Mo gbé ìwé àjákọ àti kàlámù fún onijàǹdùkú, a gbàdúrà, a túká.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ń wo àwọn ìwé náà. Ó dákẹ́ pẹ́ lórí ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá Jósẹ́fù, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ sọ fún wọn pé a lè ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn?" Ó fi ìka kọ A, J, Ẹ sórí tábìlì, ó sì kà á padà fún mi.

Ẹ̀yin ará, n kò rí ibi gbójú sí. "Yí padà" ni ọmọ náà ti fi sọ fún wa pé kí a ka "àjẹ́" láti ẹ̀yìn. "Inú omi ni ìyè rẹ̀ wà", ẹja nìyẹn. Bí ẹ bá sì wo ojú ọ̀rọ̀ náà nìkan, ìrìbọmi ni ó ń sọ: ẹni búburú tó ronú pìwà dà, tó sì rí ìyè nínú omi. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Òun ni ó dára jù nínú gbogbo wọn, èmi tí mo ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má wo ojú ọ̀rọ̀ nìkan, ojú ọ̀rọ̀ ni mo wò.

Ọmọ náà kò wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo wá a lọ sí ìsọ̀ tó ti ń kọ́ṣẹ́. Níwájú ènìyàn ni mo ti bá a wí, nítorí náà níwájú ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó wo ilẹ̀, ó ní: "Bàbá, mo rò pé ẹ ti rí i, pé ẹ kàn kò fẹ́ ẹ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ó bá ti bínú sí mi lọ. Mo ní òun ni ó borí, òun ni yóò yan ọ̀rọ̀ tó kàn. Ó ní òun yóò rò ó.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, ó mú bébà kékeré kan wá. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀: ỌKỌ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ: "Kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ sórí ìwé rẹ̀."

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ ṢE É NÍNÚ ILÉ YÍN

Ohun tí a ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà nìyí.

1. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ yàn, kí ó kúrú, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mélòó kan.

2. Kí ẹnì kan tí kò bá wọn díje gba àwọn ìwé. Nọ́mbà ni yóò kọ sí i dípò orúkọ.

3. Ẹ ka àlọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Kí èyí tí kò yé yín gba ìgbà kẹta. Bí kò bá yé yín síbẹ̀, ẹ béèrè. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

4. Ẹ jọ tún un ṣe. Bí ẹnì kan bá kọ "Àjẹ́ burúkú yí padà lóru", ẹ bi í léèrè pé iṣẹ́ wo ni "burúkú" àti "lóru" ń ṣe níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ yóò yọ wọ́n.

5. Kí oníkálùkù dìbò, ṣùgbọ́n kí ó má dìbò fún tirẹ̀. Ẹ kọ ìdí sílẹ̀, ti ẹni tó borí àti ti ẹni tó pàdánù.

6. Ẹni tó borí ni yóò yan ọ̀rọ̀ tó kàn, ì báà jẹ́ ọmọ tó kéré jù nílé.

Ẹ gbìyànjú ỌKỌ náà wò. Ìyàwó ní ọkọ, àgbẹ̀ ní ọkọ́, awakọ̀ ní ọkọ̀, ẹ sì rántí pé a kì í ka àmì ohùn. Bí ẹ bá ti kọ tiyín, ẹ kó o fún akọ̀wé ìjọ, láìsí orúkọ lórí rẹ̀. Aránṣọ wa ni yóò kà á. Mo sì ti rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ń ka tirẹ̀.