Igi tuntun tí ewé rẹ̀ ń já bọ́: kò tíì kú o, omi ni kò tó o

Ọjọ́ 14 oṣù Keje tún ti kọjá, àwòrán àwọn lọ́gàálọ́gàá tó di ṣọ́bìrì mú sì ti kún inú ìròyìn. Láti ọdún 2008, nígbà Gómìnà Babatunde Fashola, ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ń ṣe ọjọ́ igi gbíngbìn yìí. Ohun tí a kì í rí nínú àwòrán ni bí igi ṣe máa ń rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Surulere, Yaba tàbí Mushin. Etí ewé igi masquerade iwájú ilé á gbẹ, á ká jọ, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Onílé á ní igi ti kú. Aládùúgbò á ní ọwọ́ ayé ni.

Lọ́pọ̀ ìgbà, igi náà wà láàyè. Gbòǹgbò ló pàdánù.

Gbòǹgbò ńlá tí a ń fojú rí kọ́ ló ń mu omi jù. Òun ló di igi mú kó má baà ṣubú. Àwọn wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó wà ní ìkángun, pẹ̀lú irun tín-ín-rín ara wọn, ló ń fa omi. Igi tí wọ́n bá hú nínú ilẹ̀ lè fi tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti kúrò. Síbẹ̀, omi ò yéé gba ojú ihò kéékèèké ara ewé jáde nínú oòrùn. Nígbà tí èyí tó ń jáde bá ju èyí tó ń wọlé lọ, igi á pa ihò náà dé, bí kò bá sì tó, á gbọn ewé dànù kó lè gba ara rẹ̀ là.

Èyí tó wá nínú náílọ̀nù dúdú kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní wàhálà tirẹ̀. Gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú yèpẹ̀ tó bá a wá, yèpẹ̀ náà sì lè gbẹ táútáú nígbà tí ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ṣì tutù. Ìdí igi gan-an ló yẹ ká da omi sí.

Ibi tí mo fẹ́ ká fọkàn sí nìyí. Edward Gilman ti Yunifásítì Florida, níbi tí ooru ti mú, kọ́ni pé igi nílò bí oṣù 3 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan tí ìtì rẹ̀ fẹ̀ kó tó fìdí múlẹ̀. Níbi tí òtútù wà ní Amẹ́ríkà, ó tó ọdún kan. Igi oníǹṣì 2 tí a gbìn ní oṣù Keje kò ní lè dá dúró títí di oṣù Kìíní. August break á kọ́kọ́ bá a, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ á sì tún bá a.

Nítorí náà, fún igi oníǹṣì kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi bíi lítà 10 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tí òjò ò bá rọ̀. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ kan kí a fo ọjọ́ kan fún oṣù méjì, kó tó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà ń mí: níbi tí omi ti ń dá rogún, yóò jẹrà. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kó má kan ìtì. Ẹ má sáré da NPK sí i, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ lè mú kí omi túbọ̀ ṣòro fún gbòǹgbò láti fà.

Ṣé ká gé orí rẹ̀? Àwọn àgbà olódòdó máa ń gé e. Àwọn onímọ̀ ìgbàlódé ní ewé tó kù ló ń pèsè oúnjẹ tí gbòǹgbò tuntun fi ń hù. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí náà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀ka tó ti kú tàbí tó ṣẹ́ nìkan ló yẹ ní gígé.

Kí ẹ tó hú u sọnù, ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kékeré kan. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù, tó ní àwọ̀ ewé, ẹ máa bomi rin ín lọ.