Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé
Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára àgbàlagbà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹ̀fọ́rí tàbí òòyì? Ẹ má dúró de àìsàn kí ẹ tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín bá ń tó 140/90 léraléra, ó ti ga.

Kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹ má sì sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ sísọ nìkan lè gbé e sókè.

Iyọ̀ òòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí kékeré kan lọ, iyọ̀ inú magí náà wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí pé ara yá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Oògùn ọ̀hún ló ń mú un wálẹ̀.