Ìwé olójú ewé 28 kò tó láti parí ìjà àṣà láàárín ọmọ ogun

Bí ọmọ ogun àjèjì bá fun ikun níṣojú rẹ, má bínú. Bó bá gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì níbi tó ti ń bá ọ sọ̀rọ̀, kò fi ọ́ wọ́lẹ̀. Bó bá béèrè nípa àwọn obìnrin ilé rẹ, kò ní èrò búburú lọ́kàn. Irú ìmọ̀ràn yìí ló kún inú ìwé pélébé olójú ewé 28 tí iléeṣẹ́ ológun Afghanistan pín fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012.

Ìjà àṣà láàárín wọn àti àwọn ọmọ ogun àjèjì ti di ikú nígbà yẹn. Lọ́dún náà nìkan, ó lé ní 50 èèyàn lára ikọ̀ NATO, àwọn ọmọ ogun àjèjì tó wà ní Afghanistan, tí àwọn tó wọṣọ ológun tàbí ọlọ́pàá Afghanistan pa. Àwọn ọ̀gá NATO fúnra wọn gbà pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ Taliban tí wọ́n ń bá jà kọ́ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀, pé ìbínú ẹnì kan sí ẹnì kejì ló ń fà á.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bagram, ibùdó ológun Amẹ́ríkà ní Afghanistan, ní oṣù kejì 2012. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó Kùránì Alápọ̀nlé láti ilé ìkàwé ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n dà á síná pẹ̀lú pàǹtí. Àwọn òṣìṣẹ́ Afghanistan tó wà níbẹ̀ ló sáré yọ èyí tí iná kò tíì jó tán. Ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀, èèyàn tó tó 30 kú, Obama, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sì kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Karzai, ààrẹ Afghanistan. Ìwádìí ológun Amẹ́ríkà wá fi hàn pé àwọn ọmọ ogun Afghanistan ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Èyí ló dùn mí jù. Ẹni tó mọ̀ wà nítòsí, ó sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́.

Èyí tí ará ìlú Afghanistan sì ń pariwo lé lórí jù nígbà náà ni kí ọmọ ogun àjèjì já ilẹ̀kùn wọlé lóru, tòun tajá, kí ọkùnrin sì bá obìnrin ilé níbi tí àlejò ọkùnrin kì í dé. Láti 2009 ni àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà ti ń kó ọmọ ogun obìnrin lọ sí agbègbè Helmand, kí wọ́n lè máa bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Ó ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò dá jíjá ilẹ̀kùn dúró. Ìgbà tó di 8 oṣù kẹrin 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Afghanistan tó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ọmọ ogun Afghanistan ni yóò máa ṣíwájú irú iṣẹ́ òru bẹ́ẹ̀, kí adájọ́ wọn sì lẹ́nu sí i.