Jíìpù tòkúnbọ̀ láti Kútọ̀nù dé Ṣábẹ̀ẹ́: Iye tí wọ́n pè é kọ́ ni iye tó máa ná yín

Ní àwọn ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ní Kútọ̀nù, jíìpù ló máa ń kọ́kọ́ wọ èèyàn lójú. Ẹ jẹ́ ká mú baálé ilé kan láti Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń kọ ní Savè lórí àwòrán ilẹ̀: ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, ìyá àgbà. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú owó. Tó bá ṣi ọkọ̀ rà, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló máa gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ.

Kó tó bèèrè èló, kó kọ́kọ́ ro ibi tí ọkọ̀ náà yóò máa lọ. Ọ̀dà wà lójú ọ̀nà nǹkan bíi 250 kìlómítà tó ti Kútọ̀nù gba Bohicon àti Ìdáàṣà wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, tó sì kọjá lọ sí Pàràkú. Ọkọ̀ kékeré ń rìn ín. Ẹni tí oko rẹ̀ wà lọ́nà odò Ọkpára ló mọ ohun tí ojú ń rí lásìkò òjò, òun ló nílò ọkọ̀ tó ga nílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń dé irú ibẹ̀, kó háyà ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Iye èèyàn tún wà ńbẹ̀. Èèyàn márùn-ún ni ọ̀pọ̀ Toyota RAV4 ń gbà, bẹ́ẹ̀ méje ni ilé yìí. Highlander tó ní ìlà àga mẹ́ta lè kó gbogbo wọn, àmọ́ èyí tó ní ẹ́ńjìnì V6 ń mu epo ju RAV4 oní-sílíńdà mẹ́rin lọ. Látìgbà tí Nàìjíríà sì ti kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kpayo inú ìgò ẹ̀gbẹ́ títì náà ti gbówó lórí.

Àwọn oníbàárà láti Nàìjíríà ló sọ ọjà Kútọ̀nù di ńlá. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2017, Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n tún ti ẹnubodè títí di oṣù Kejìlá 2020. Ọjà falẹ̀ gan-an. Ìyẹn fún olùrà láyè láti ná ọjà dáadáa, àmọ́ ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́ òkun, táyà rẹ̀ ti ń gbẹ, abẹ́ rẹ̀ lè ti dípẹtà. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ wò ó.

Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tán ọkọ̀ náà. Tó bá ti gbóná, ẹnìkan ti tán an kí ẹ tó dé, kí ẹ má baà mọ̀ bóyá ó ń ṣòro tán ní tútù. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán. Ẹrẹ̀ tó bá wà ní ìdí rẹ̀ jẹ́ àmì pé omíyalé ti gbé ọkọ̀ náà rí. Àwọn Honda CR-V kan tí wọ́n ṣe láàárín 2002 sí 2006 wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà nítorí àpò afẹ́fẹ́ Takata, tó lè bú gbàmù kó fọ́n irin sí awakọ̀ lára. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ tẹ nọ́ńbà ṣaṣí rẹ̀, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, sórí ìkànnì àjọ NHTSA. Ọ̀fẹ́ ni, yóò sì sọ bóyá wọ́n ti tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ìwé: rìsíìtì aṣọ́bodè, carte grise láti ọ̀dọ̀ ANaTT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ní CNSR, àti ìwé adójútòfò. Gbogbo rẹ̀ ń gba owó.

Ní tèmi, bí owó ọwọ́ yín bá tó ra Highlander nìkan, tí kò ṣẹ́ kù fún táyà, ìwé àti epo, ẹ ò tíì lówó Highlander. Ẹ ra RAV4 tó dára, kí ìyá àgbà àti ọmọ kan máa wọ táksí lọ síbi ìnáwó.

Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú dání láti Ṣábẹ̀ẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á bá júwe. Bí wọ́n bá ní kó má wo abẹ́ ọkọ̀ náà, ẹ gun zémidjan, ẹ lọ sí ọgbà tó kàn.