Bí Iná Ààrò Kòkó Bá Ń Kú

Ní ìgbà tí òjò kò bá jẹ́ kí oòrùn ràn, ààrò alágbá ni àwọn àgbẹ̀ mìíràn fi ń mú kòkó gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀, èyí tí a fi orúkọ erékùṣù Samoa pè, mọ bí a ti ṣe é: a gé orí àti ìdí àgbá epo onírin kúrò, a jó wọn pọ̀ ní ìdùbúlẹ̀ bí ihò gígùn kan, à ń dáná ní ẹnu rẹ̀, ọ̀pá èéfín sì dúró ní òpin kejì. Pẹpẹ kòkó wà lókè àgbá. Ooru ni ó gbọdọ̀ dé ara kòkó, kì í ṣe èéfín.

Ìyọnu tí ààrò yìí ń fún ni ni pé iná rẹ̀ lè máà dúró. A ó ṣáná sí i, yóò jó díẹ̀, yóò rú èéfín sí wa lójú, yóò sì kú. Kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò níbi tí a bò ó sí, omi inú rẹ̀ ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. A sì gbọ́dọ̀ mú un gbẹ títí omi náà yóò fi ku 7 tàbí 8 nínú 100. Bí iná bá kú lóru, tí kòkó tútù wà lórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo èéfín. Bí ó bá ń gba ọ̀pá jáde, ṣùgbọ́n tí ó funfun tí ó sì nípọn, igi yín ni kò gbẹ: ooru iná ń tán sórí omi inú igi. Igi tí a là, tí a sì tò sábẹ́ òrùlé fún oṣù mélòó kan, ni kí ẹ lò.

Bí èéfín bá ń padà sí ẹnu ààrò, ọ̀nà rẹ̀ ni ó dí. Dúdú èéfín a máa lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá títí ihò rẹ̀ yóò fi kéré. Nígbà tí ààrò bá tutù, ẹ so ìdì imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ okùn, kí ẹ fi gbá a. Ẹ wo orí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹyẹ lè kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Bí ọ̀pá kò bá ga ju ṣóńṣó òrùlé lọ, atẹ́gùn yóò máa ti èéfín padà. Nígbà mìíràn, kò sí ohun tí ó dí; ọ̀pá ni ó tutù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wúwo, kò sì fẹ́ gòkè. Bí ìdí ọ̀pá bá ní ìlẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ tan ògùṣọ̀ kan síbẹ̀. Bí ó bá ti gbóná, yóò fa èéfín fúnra rẹ̀.

Eérú pẹ̀lú ń pa iná. Ẹ gbé igi lé orí ọ̀pá irin kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ máa kó eérú ní àràárọ̀, ẹ má sì ki igi bọ ẹnu ààrò bámúbámú. Ìyá arúgbó tí ń dáná ọbẹ̀ mọ èyí jù wá lọ.

Èyí tí ó burú jù ni ohun tí àwọn kan ń ṣe nígbà tí sùúrù wọn bá tán. Wọn a da kẹrosíìnì sórí ẹ̀yinná, iná a sì gbá wọn lójú. Tàbí kí wọ́n lu ihò sára àgbá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ihò bẹ́ẹ̀ yóò tú èéfín sábẹ́ pẹpẹ. Kòkó tí èéfín bá sì ti wọ̀, bí a tilẹ̀ sá a sóòrùn lẹ́yìn náà, òórùn rẹ̀ kì í kúrò mọ́. A ó bá a nínú ṣokoléètì. Ìpẹtà pàápàá a máa lu àgbá. Láti mọ̀, ẹ fi igi ti fìtílà sínú àgbá ní alẹ́, nígbà tí ààrò bá tutù, kí ẹnì kan wo abẹ́ pẹpẹ: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni ihò wà. Ẹ má ṣe dáná mọ́ títí a ó fi jó irin dí i.

Bí iná bá dúró tán, ẹ má jẹ́ kí ó di ńlá. Ooru tí ń dé ara kòkó kò yẹ kí ó ju 60 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí kòkó tí a fi ipá mú gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbẹ, kíkan yóò sì kù nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi igi sí i, kí ẹ sì máa yí kòkó lórí pẹpẹ. Bí ẹ bá pààrọ̀ àgbá, ẹ dáná sínú ààrò náà láìsí kòkó lórí pẹpẹ, kí epo àti ọ̀dà ara àgbá jó tán, kí ẹ tó da kòkó sí i.